Ọdún Méjì Tí Mo Fi Ń Fìdí Rẹmi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́, mo máa ń ní mo dá kọ́ ọ ni. Irọ́ ni. Ẹnì kan kọ́ mi, ó sì kọ́ mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ọ̀gá ni mo ń pè é nígbà náà, Ọ̀gá náà ni màá sì máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí mo fi ń pè é nínú yàrá mi ní Simawa kì í ṣe èyí tí ọmọlúàbí ń kọ síwèé.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro ṣàlàyé. Dókítà yẹ aláìsàn wò tán, kò ráyè kọ̀wé, ó bá gbé ẹ̀rọ tàbí fóònù sẹ́nu, ó sọ gbogbo ohun tó rí sínú rẹ̀: ibi tó ń dun aláìsàn, ohun tí àyẹ̀wò sọ, oògùn tó fún un. Àwa la óò gba ohùn náà, a óò fi íápíìsì sétí, a óò sì tẹ gbogbo ohun tí a gbọ́ síwèé kí dókítà lè bu ọwọ́ lù ú. Ó jọ ohun tó rọrùn, àbí? Ẹ wá gbọ́ dókítà tó ń jẹ gúgúrú nígbà tó ń pe orúkọ oògùn tó gùn ju ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé etí yàtọ̀ sí etí.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí kò gbà mí ló sọ mí dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúkọ mi ò jáde. Ìyá mi, tó ń yan gàrí ní Simawa, ló gbọ́ nípa obìnrin kan ní Ṣàgámù tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ilé ìwòsàn tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú. A gun àtẹ̀gùn ilé òkè kan lọ bá a nítòsí Sábó. Obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn kó tó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ yẹn ló ka gbogbo ibi tí iṣẹ́ náà lè gbé mi dé fún ìyá mi. Ó ní mo lè di ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó ní mo lè di ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò kí dókítà tó fọwọ́ sí i, pé àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ń wá ẹni tó lè ka ìwé àìsàn ní àkàyé. Ó ní mo tiẹ̀ lè jókòó sí Simawa kí n máa tẹ̀wé fún dókítà tó wà lókè òkun. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀yin lẹ ni ín láti òní lọ." Ọ̀gá gbé e dìde, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, màmá. Ọmọ mi ni."

Ọdún kan la fi àdéhùn sí. Lẹ́yìn rẹ̀, bí mo bá yege, màá gba fírídọ̀mù bí gbogbo ọmọṣẹ́ ṣe ń gbà á: màá kúnlẹ̀, Ọ̀gá yóò gbé ọwọ́ lé mi lórí, yóò ṣàdúrà, yóò fún mi ní sátífíkéètì, a óò ya fọ́tò. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè rò pé eré lásán ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbáà jẹ́ aṣọ lò ń rán, ìbáà jẹ́ mọ́tò lò ń tún ṣe, bí ọ̀gá rẹ ò bá tíì dá ọ sílẹ̀, ẹni tó sá níṣẹ́ ni ọ́. Kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Irin kan wà lábẹ́ tábìlì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀: bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á máa lọ, bí o bá gbé ẹsẹ̀, á dúró, á sì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí o lè tún un gbọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n ju ọwọ́ mi lọ. Òfin Ọ̀gá kò pọ̀. Ohun tó o bá gbọ́ ni kó o tẹ̀, má ṣe bu iyọ̀ sí i. Ohun tí o ò bá gbọ́, fa ìlà sí àyè rẹ̀, má méfò, nítorí oògùn tí ènìyàn méfò lè pa ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tó bá gba etí wọlé kò gbọdọ̀ gba ẹnu jáde. Ìkẹyìn ni pé ẹni tó bá tẹ ìwé ló ń fi lẹ́tà méjì orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ kì í fi tirẹ̀ sí i.

Ní ti àwọn ohùn tí a fi ń kọ́ṣẹ́, ó ní ògbólógbòó ni wọ́n, pé ilé ìwòsàn tí òun ti fẹ̀yìn tì ló kó wọn fún òun. Òun fúnra rẹ̀ ti gé orúkọ àti déètì kúrò níwájú wọn. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní, "àwọn aláìsàn wọ̀nyí ti kú tán." Èmi òmùgọ̀, mo gbà á gbọ́. Bí mo bá ti tẹ ìwé ẹnì kan tán, màá yọ íápíìsì kúrò létí, màá ní, "Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un," kí n tó bọ́ sí òmíràn.

Ọdún pé, mo ṣe ìdánwò. Ohùn kan ló gbé fún mi, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó dá ìwé náà padà fún mi, ó fi báírò pupa kọ ọ́ sókè: mọ́kànléláàádọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lẹni tó bá fẹ́ gba fírídọ̀mù gbọ́dọ̀ gbà.

"Níbo ni mo ti ṣe é tì, mà?"

"Wá a fúnra rẹ. Bí mo bá fi hàn ọ́, o ò ní kọ́gbọ́n."

Mo wá a. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá a! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ohùn kan ṣoṣo, mò ń dá a padà, mò ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí àṣìṣe kankan. Dípò kí n sọ pé bóyá kò sí níbẹ̀, ohun tí mo sọ ni pé mi ò tiẹ̀ mọ àṣìṣe mọ́ bí mo bá rí i. Mo ṣe ìdánwò kejì, mo gba mẹ́rìnlélógójì. Ẹ̀kẹta burú ju ìyẹn lọ. Àwa mẹ́ta la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn méjì tó kù gba fírídọ̀mù wọn níṣojú mi, mo bá wọn gbé mínírà káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo máa ń gbọ́ ohùn fún un tí yóò fi tẹ̀ ẹ́! Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo sì lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀.

Mo ní etí mi ni. Mo gbà pé nǹkan kan ń ṣe etí mi. Mo bu òróró gbígbóná sí i, kò yí padà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní etí mi mọ́ gaara, pé kí ni mo wá ṣe. Ìyá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí etí mi. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Má bẹ̀rù. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá gba ọdún márùn-ún, màá kọ́ ọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tún bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń dúpẹ́.

Ó ku oṣù díẹ̀ kí ó pé ọdún méjì tí mo ti ń fìdí rẹmi nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé ilé ìwòsàn aládàáni tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ ń wá ẹni tó máa tẹ̀wé fún dókítà wọn. Iṣẹ́ gidi ni, tábìlì tirẹ̀, yàrá tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni sátífíkéètì láti ọwọ́ ọ̀gá tó ṣeé fọkàn tán. Mo sáré gun àtẹ̀gùn yẹn bí ẹni tí ajá ń lé. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ẹnu mi yìí, ni mo ròyìn rẹ̀ fún Ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tún ìdánwò ṣe.

Ó béèrè orúkọ ilé ìwòsàn náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Màá lọ bá dókítà náà sọ̀rọ̀, màá ní kó ní sùúrù fún ọ díẹ̀. Ìwọ ṣáà gbájú mọ́ṣẹ́."

Mo gbájú mọ́ṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ohùn tuntun kan wọ inú àwọn ohùn tí ó ń fún mi. Ọkùnrin kan ni, kì í kánjú, ó máa ń wú ikọ́ kékeré kan kó tó pe orúkọ oògùn, bí ẹni tó fẹ́ kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo fẹ́ràn ohùn náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá pé kí ni dókítà Ìkẹ́nnẹ́ wí, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń dá mi lóhùn pé ó ṣì ń dúró dè mí.

Ní Ọjọ́rú kan, mo tẹ ìwé bàbá kan báyìí: ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, àtọ̀gbẹ, egbò ní ẹsẹ̀ òsì tí kò jinná, wọ́n ti gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní bàbá náà sọ pé ìgbà tí òun bá forí balẹ̀ nínú ìrun ló ń dun òun jù, àti pé òun ò tíì sọ fún àwọn ọmọ òun. Oògùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ nítorí ìlẹ̀kùn tó dún gbàà, mo fa ìlà sí i. Bàbá náà ṣe mí láàánú, mo ní Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gá dá a padà: mọ́kàndínlógójì.

Ní Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì Simawa ní gáréèjì Ṣàgámù, a ń dúró kó kún. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó mú ìwé kan jáde láti inú ọ̀rá, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra, kò rí i kà. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí. Mo gbàgbé ìgò ojú mi sílé. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń bọ̀, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún dókítà mìíràn lọ́jọ́ Ajé."

Mo gba ìwé náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Oníṣòwò obì. Ẹsẹ̀ òsì.

Orí mi wú. Mo wo bàbá náà, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sún mọ́ wíńdò. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, òkú ni mo kọ́kọ́ rò pé mo rí! Mo fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń tún ìwé gbà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ ni ín?"

"Èmi kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni," ó ní, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ta lo tún rí níbí?"

Mo ka ìwé rẹ̀ fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Kò sí kọ́mà kan tí Ọ̀gá mú kúrò. Ìlà tí mo fà sí àyè oògùn tí mi ò gbọ́ ṣì wà níbẹ̀, dókítà ti fi báírò kọ orúkọ oògùn náà sórí rẹ̀. Ìwé tó gba mọ́kàndínlógójì! Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà méjì orúkọ Ọ̀gá. Lókè, orúkọ ilé ìwòsàn Ìkẹ́nnẹ́ tí mo ti ń dúró dè fún oṣù mẹ́ta.

Bàbá ní, "Ṣé kò sí nǹkan? Ojú rẹ yí padà." Mo ní kò sí, sà, mo ní kó lọ sọ ti ẹsẹ̀ náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ sí bọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́. Mi ò lọ bá Ọ̀gá, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá lọ, yóò fi ohùn tútù yẹn bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni yóò tún kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà títí ó fi kàn mí. Mo wọlé. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè, ó wú ikọ́ kékeré kan, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Kí ló ń ṣe yín?"

Mi ò tíì rí i rí láyé mi, mo sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó bí mi lọ. Mo mọ ìgbà tó máa mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi gbéra nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń wá irin tó máa tẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ tẹ̀wétẹ̀wé lọ́dọ̀ yín, sà. Ọmọṣẹ́ Ṣàgámù yẹn ni mí."

Ojú rẹ̀ rọ̀ sí mi. "Háà, ẹ̀yin lẹ ni yẹn. Ẹ má bínú, ọ̀gá yín ò sọ fún yín ni? A ò wá ènìyàn mọ́. Wọ́n bá wa tẹ ìwé díẹ̀ wò láti fi ràn wá lọ́wọ́, iṣẹ́ náà sì mọ́ débi pé mo ní kí ni mo tún ń gba ẹlòmíràn fún? Àwọn ni mo kúkú gbé gbogbo rẹ̀ fún. Bí wọn ò bá gbọ́ nǹkan, wọn kì í méfò. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n."

Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo tẹ ìwé tó fi rí i pé òun ò nílò mi.

Mo ní, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, sà. Gbogbo rẹ̀." Mo fa ìwé tó gba mọ́kàndínlógójì yọ nínú báàgì mi, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo ní kó wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó wò ó. Máàkì pupa yẹn ló ń wò. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba àyè lọ́wọ́ mi pé àwọn ọmọṣẹ́ wọn yóò máa fi ìwé mi dánra wò."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sínú fóònù yín nísinsìnyí, sà. Màá tẹ̀ ẹ́ níwájú yín."

"Àwọn aláìsàn wà níta," ó ní. "Ká tiẹ̀ ní ẹ tẹ̀ ẹ́, àyè ò sí mọ́." Mi ò dìde. Bóyá àánú mi ṣe é, bóyá ó fẹ́ kí n ṣáà kúrò níbẹ̀, ó pe Ọ̀gá lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Ó ní ọmọ kan wà níwájú òun tó ń sọ pé òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Mo tẹ́tí. Bí etí mi bá wúlò láyé, ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kó wúlò. Mò ń retí kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n, kó tiẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Kò gbọ̀n. Kò dákẹ́.

"Háà, dókítà, ọmọ mi nìyẹn," ó ní. "Ẹ dákun, ẹ má bá a wí. Ọdún kejì rèé tó ti ń fìdí rẹmi, ó ti dà á lọ́kàn rú. Ṣé ó ń gbọ́ mi? Ìwọ ọmọ yìí, padà wá sílé. Inú kò bí mi. Iṣẹ́ tí ò ń wá, Ọlọ́run á fún ọ. Etí rẹ á ṣí. O ò ní jìyà gbé. Èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi dá ọ sílẹ̀, lórúkọ Jésù."

Dókítà ní, "Àmín."

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tẹrí ba, ẹnu tèmi náà ti ní, "Àmín, mà."